Kànga Tí Kò Sí Nínú Géèmù

“Ta ló sọ fún yín pé kànga wà níbẹ̀?” Àkàngbé ka ìbéèrè náà sókè lẹ́ẹ̀kejì, ó wá yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí Bright àti Ṣùbòmí kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i.

Bàbá àgbàlagbà kan ló kọ ọ́ láti òkè òkun. Ó wà lára àwọn tó ṣe géèmù Ìlú Olódi ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ó ti gbá èyí tí àwọn ará Yaba yìí ń tún ṣe, ó gbóríyìn fún wọn, ó tún ka kóòdù wọn, ìyẹn àwọn ìlà àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, nítorí gbangba ni wọ́n ń kọ ọ́ sí kí ẹni tó bá wù lè kà á. Ibẹ̀ ló ti rí i pé bí ọmọ ogun bá ṣìnà lẹ́ẹ̀mẹtàlá, kó padà sídìí kànga. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti yọ kànga kúrò nínú géèmù kó tó dọ́jà. Inú kóòdù ìkọ̀kọ̀ ilé-iṣẹ́ náà nìkan ni orúkọ rẹ̀ ṣẹ́ kù sí.

Èèwọ̀ kan ṣoṣo ni iṣẹ́ yìí ní. Géèmù àtijọ́ náà kò ṣiṣẹ́ mọ́ lórí kọ̀ǹpútà òde òní, torí náà ni Àkàngbé àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń tún un kọ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Kí wọ́n gbá a, kí wọ́n wo bó ṣe ń ṣe, kí wọ́n fi ọpọlọ ara wọn kọ tuntun, ìyẹn ò ní lọ́yà nínú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fojú kan kóòdù ilé-iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ kọ ìlà kankan. Gbogbo wọn ló búra. Bí ilé-iṣẹ́ bá rí àdàkọ níbẹ̀, iṣẹ́ ọdún márùn-ún wọgbó nìyẹn, Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n sì fẹ́ gbé e jáde.

“Orúkọ rẹ ló wà lára ìlà kànga yẹn, Bright,” Àkàngbé sọ. Kò pariwo. Ọkùnrin náà kì í pariwo, ìyẹn gan-an ló ń bani lẹ́rù.

“Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí kóòdù wọn rí. Mo búra.”

“Ṣé ojú àlá lo ti wá rí kànga ni?”

Bright wo Ṣùbòmí, ó sì gbójú kúrò. Ṣùbòmí ló kọ ibi tí àwọn ọmọ ogun ti ń wá ọ̀nà. Iná ò sí nílé rẹ̀ ní Mushin lọ́jọ́ tó parí ẹ̀, ló bá fi í ránṣẹ́ sí Bright láti orí fóònù pé kó bá òun fi sí i. Bí orúkọ Bright ṣe wọ̀ ọ́ nìyẹn. Bright kì í ṣe ẹni tó máa fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ lé àgbà lọ́wọ́, ó ń retí kí olóhun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ṣùbòmí mọ ibi tí kànga ti wá. Ní oṣù kẹta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ fi ń forí sọ ògiri, kí ẹnìkan tó fi kóòdù ilé-iṣẹ́ náà tí wọ́n jí ránṣẹ́ sí i. Ó ní òun kàn fẹ́ wò ó fìrí ni. Ẹni tó ní òun kàn fẹ́ tọ́ ọbẹ̀ wò, ẹran kì í pẹ́ dínkù nínú ìkòkò rẹ̀. Ó yí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà àfi kànga. Ó rò pé kànga wà ní ibì kan tí òun ò tíì gbá géèmù náà dé.

“Àárọ̀ ọ̀la ni mo máa kọ̀wé sí gbogbo ẹgbẹ́,” Àkàngbé sọ. “Màá yọ gbogbo ohun tí Bright ti ṣe kúrò.”

“Gbogbo ẹ̀, ẹ̀gbọ́n?”

“Báwo la ṣe máa mọ èyí tó mọ́?”

Bright gbọ́wọ́ lé orí. Ọdún mẹ́rin ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ìró ẹsẹ̀ ẹṣin tó wà nínú rẹ̀, igbá méjì ló fi ṣe é lórí tábìlì yìí.

“Èmi ni,” Ṣùbòmí sọ.

“Ìwọ ni kí ni?”

“Èmi ni mo kọ ọ́. Bright kàn bá mi fi sí i ni, torí iná. Wọ́n fi kóòdù yẹn ránṣẹ́ sí mi, mo kà á. Mo mọ̀ pé kò dáa nígbà tí mò ń kà á. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n.”

Àkàngbé pa kọ̀ǹpútà dé, ó tún ṣí i.

“Ṣé o mọ ohun tó kàn?”

“Mi ò lè kọ ìlà kankan nínú ẹ̀ mọ́. Láéláé.”

“Pé o jẹ́wọ́ ò yí i padà o. O mọ iṣẹ́ yìí ju èmi tí mò ń pàṣẹ lọ. Àmọ́ ohun tí ojú ẹ ti rí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ kúrò.”

Ojú Ṣùbòmí ni Àkàngbé ṣe pa gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láti oṣù kẹta rẹ́. Kò gbà á tó àkókò tí èèyàn fi ń mu omi. Ó dun ọmọbìnrin náà dé egungun, kò sì rí ẹni tó máa bá bínú. “Kò sí Sátidé mọ́,” Àkàngbé sọ. “Bright, ìwọ lo máa tún un kọ, láti ìbẹ̀rẹ̀.”

Kò tó wákàtí kan tí àwọn ọmọ ogun Bright náà ti ń forí sọ ògiri. Ó fi ìka kan tábìlì, ó tún un ṣe, wọ́n tún forí sọ ọ́. “Kí ló dé tí wọn ò yà sọ́tùn-ún báyìí?” ó sọ, ó sì yíjú sí Ṣùbòmí, ẹni tó ti ń bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́rin.

Ṣùbòmí mọ ìdáhùn rẹ̀, inú kóòdù jíjí yẹn ló ti kà á. Gbólóhùn kan péré ni, ó ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Àkàngbé gbójú sókè wò ó.

“Má bi mí,” Ṣùbòmí dá a lóhùn.

Bí òun bá sì jókòó síbẹ̀, ojú òun nìkan tó láti sọ ọ́ fún un. Ó kó kọ̀ǹpútà rẹ̀ sínú àpò, ó kúnlẹ̀ dágbére fún Àkàngbé, ó jáde, ó sì rọra fa ilẹ̀kùn dé.