Àtàǹpàkò Ìyá Fádèyí

Ìṣòro mi ni pé tí máíkì bá ti dé ọwọ́ mi, mi ò kì í mọ ìgbà tó yẹ kí n gbé e sílẹ̀. Iṣẹ́ mi náà nìyẹn. Ní Ọ̀yọ́ tí mò ń gbé, ìsọmọlórúkọ kì í dùn tí Saifudeen aláwàdà ò bá sí níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Àǹtí Olúwafèyíkẹ́mi ló pè mí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń gbé oúnjẹ lọ sí àwọn abúlé tí nǹkan ò rọgbọ fún. Ó ní abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìrẹsà ló kàn, pé òjò já wọn kulẹ̀ lọ́dún tó kọjá, àgbàdo wọn ò yọmọ.

"Wá bá wa pa wọ́n lẹ́rìn-ín, Saifu. Àpò ìrẹsì ńlá kan ni tìẹ."

Mo ní kò burú.

Òfin ẹgbẹ́ ò le: ilé kan, àpò ìrẹsì kékeré kan. Ẹni tó bá ti gbà, wọ́n á ti àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ bọ tàdáwà bíi ti ọjọ́ ìdìbò, kó má baà padà wá. Láàárọ̀ la bẹ̀rẹ̀, ní pápá ilé ìwé. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n gbé oúnjẹ wá fún àwa àlejò lẹ́yìn kíláàsì: ìrẹsì àti ata, nínú abọ́ onírin tí wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí nídìí. Kò sẹ́ran níbẹ̀. Mo jẹ abọ́ méjì, mo padà sídìí máíkì.

"Ẹ dákun," mo ní, "ẹ bá mi wá ẹran tó yẹ kó wà nínú ìrẹsì tí mo jẹ. Bóyá òun náà wà lórí ìlà pẹ̀lú yín, tó ń dúró de tiẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn wọ̀ mí lára.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ìyá kan, arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́, tó kó ọwọ́ ọ̀tún sábẹ́ ìborùn. Nígbà tí wọ́n na àpò sí i, ọwọ́ òsì ló fi gbà á. Ìyá tó dàgbà tó yẹn, kó fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àlejò? Mo lọ bá a tèmi ti máíkì.

"Màmá, ẹ káàsán o. Kí ló ṣe ọwọ́ ọ̀tún?"

"Ó ń dùn mí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ n bá yín wò ó, àbọ̀ dókítà ni mí."

Mo fà á jáde. Àtàǹpàkò náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo gbé e sókè kí gbogbo pápá lè rí i. "Ẹ wò ó, Màmá ti dìbò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún fẹ́ dì í lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yin náà lẹ wá ń bú olóṣèlú."

Irú ẹ̀rín tó bẹ́ sílẹ̀, mi ò gbọ́ ọ rí ní Ọ̀yọ́. Ọkùnrin kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Ìyá Fádèyí, ẹ̀yin náà?"

Ìyá náà rọra gbé àpò náà sílẹ̀, ó gbọn erùpẹ̀ ara ẹ̀ nù, ó lọ. Mo gbé e fún ẹni tó tò lé e. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Àpò tó kẹ́yìn nìyẹn.

Nígbà tí a parí, Josiah tó wa ọkọ̀ wa ní kí n bá òun gbé àwọn abọ́ padà fún ẹni tó ni wọ́n. "Wọ́n ní ilé tí ilẹ̀kùn ẹ̀ pupa ni. Ọ̀dà kan náà ló wà nídìí abọ́."

A débẹ̀. Ràmọ́tà, obìnrin ilé kejì, ń gbá ojúde. Kò dá wa lóhùn dáadáa nígbà tí a kí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, mo rí àpò ẹgbẹ́ wa kan, òfìfo, wọ́n ká a bí ẹni ká aṣọ.

"Ta ló nilé yìí?" mo bi í.

"Ẹni tí o fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló ni ín." Kò dá ìgbálẹ̀ dúró. "Ojúlé-ojúlé la fi ń gbọ́njẹ fún àlejò níbí, ó ń yí kiri ni. Tòní kan Ìyá Fádèyí. Kò sí hóró oúnjẹ kan nílé wọn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ n bá wọn gbà á, wọ́n ní rárá, àlejò ò ní fo ilé àwọn. Ìrẹsì tí ẹ fún wọn láàárọ̀ ni wọ́n dà sínú ìkòkò fún yín. Ṣé ó dùn?"

Josiah wò mí. Mo wo abọ́ ọwọ́ mi. Mo ti lá ìdí ẹ̀ mọ́.

Ìyá Fádèyí jáde sí wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, abọ́ fọ́n ká. Kí n tó la ẹnu, àwọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú," wọ́n ní. "Mi ò rí ẹran."

 

Mo sáré gbé àpò ìrẹsì tèmi wá láti inú ọkọ̀. Wọn ò fọwọ́ kàn án. "Gbé e kúrò. Tí wọ́n bá rí i níbí, wọ́n á ní mo ti tún gba ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ibi tí o ti sọ mí dolè ni kí o padà sí."

Mo padà sí pápá. Wọ́n ti pa jẹnẹrétọ̀, máíkì ti kú. Mo fi ohùn lásán pè wọ́n. Bí ogún èèyàn dúró, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀ dè mí.

"Ìyá Fádèyí kì í ṣe olè," mo ní. "Ìrẹsì wọn ni wọ́n sè fún wa. Èmi ni mo jẹ ẹ́."

Ẹ̀rín bú. Mo ní kì í ṣe àwàdà. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín sí ìyẹn náà. Omi bọ́ lójú mi. Èyí ló wá dùn mọ́ wọn jù, ọkùnrin kan di ikùn mú.

Ni mo bá lọ sídìí tábìlì Àǹtí Olúwafèyíkẹ́mi, mo ki àtàǹpàkò mi bọ tàdáwà, mo gbé e sókè bí mo ṣe gbé ti ìyá náà sókè. "Abọ́ méjì ni mo jẹ," mo ní. "Inú ilé tí ò ní nǹkan kan ni wọ́n ti gbé e wá. Èmi gan-an ni mo gbà á lẹ́ẹ̀mejì."

Àǹtí bojú. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti iwájú, ó ń kú lọ sẹ́yìn, títí ó fi kan ọkùnrin tó di ikùn mú.

Mo ru àpò mi, mo tún gba ọ̀nà ilé onílẹ̀kùn pupa. Wọ́n tẹ̀ lé mi. Ọkùnrin tó ké ní pápá ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá Fádèyí," ó ní, "ẹ kú àlejò o."

Ìyá náà wò ó títí. Wọ́n wo àwa yòókù. "Gbé e wọlé," wọ́n sọ fún mi, wọ́n sì bu omi àti ọṣẹ fún mi kí n fọwọ́. Mo fọ̀ ọ́, mo bó o, àtàǹpàkò mi ò yí padà.

"Kò ní lọ," wọ́n ní. "Mo ti fọ tèmi láàárọ̀."

Ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà kó tó ṣí. Ní Ọ̀yọ́, gbogbo ibi tí mo ti lọ sọ̀rọ̀ ni wọ́n ti ń bi mí pé ìbò wo ni mo dì. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń gbé máíkì.