Íńṣì Mẹ́ta

3.
…ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ń gbọ́ tèmi. Ó gbá igi páìnì mú nídìí, ayùn rẹ̀ gé e, ó ha ẹ̀ka dànù, ó gé e sí mẹ́ta. Ìṣẹ́jú kan kò pé. Èmi nìkan, nínú ilé gíláàsì orí ẹ̀rọ, mo rẹ́rìn-ín sókè.

4. ÌKÉDE, lára ilẹ̀kùn àgọ́ wa ní àríwá Maine
Ọjọ́bọ̀: Odile Thériault ni yóò wa ẹ̀rọ agégi tuntun. Gẹdú kọ̀ọ̀kan: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlógún àti íńṣì mẹ́fà. Bí èyí tó kúrú bá ju márùn-ún lọ, Odile yóò padà sórí ọkọ̀ akógẹdú.
Leland Dubay, ọ̀gá

5.
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kó gẹdú tí ẹlòmíràn gé. Orí tábìlì ilé ìdáná ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń wa ẹ̀rọ yìí, nínú ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi.

6. Àárọ̀
Mo nu gíláàsì.
Mo gé gẹdú mẹ́ta, mo fi tépù wọ̀n wọ́n. Wọ́n pé.
Mi ò mu kọfí tán. (Mo mu ún tán. Kí n má parọ́.)

7.
Aago mẹ́wàá. Oòrùn yọ. Yìnyín ń kán láti orí ẹ̀ka. Réal, tó ń kó gẹdú lẹ́yìn mi, sọ lórí rédíò pé kí n rọra máa gé e, kí n rántí pé ènìyàn lòun.

8.
Èèpo igi tí òtútù mú dì máa ń le. Eyín kẹ̀kẹ́ kékeré tí ẹ̀rọ fi ń wọn gígùn gẹdú kì í wọnú rẹ̀. Bí oòrùn bá mú un rọ̀, eyín á rì, kẹ̀kẹ́ á yí ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀rọ á rò pé gẹdú ti gùn tó.
Ó wà nínú ìwé náà. Mo fi pẹ́ńsùlù pupa fàlà sí i nídìí.

9.
Mo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú tépù.

10.
Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlógún. Íńṣì mẹ́ta.

11.
Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló kúrú.

12.
Réal rìn wá bá mi. Ó ní òun á kì wọ́n sísàlẹ̀ ẹrù, ẹni tó bá wọ̀n wọ́n á rò pé iṣẹ́ àná ni. Mo ní ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gé tàná.
Réal ní: “Àǹtí, ibi tó ti dùn gan-an nìyẹn.”

13. RÉDÍÒ
ODILE: Ọ̀gá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?
DUBAY: Sọ ọ́.
ODILE: Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló kúrú. Oòrùn yọ, mi ò tún ìwọ̀n ṣe. Ẹ̀bi mi ni.
DUBAY: Ta ló sọ fún ẹ?
ODILE: Tépù.
DUBAY: O ti wá tún un ṣe?
ODILE: Mo ti tún un ṣe.

DUBAY: Mò ń bọ̀.

14.
Mo tún fi tépù wọn gẹdú kan. Kì í ṣe nítorí ẹ̀rù. (Ẹ̀rù wà níbẹ̀.)

15.
Ọ̀gá kò sọ pé kí n kúrò lórí ẹ̀rọ.

16.
Láti ojú títì tí ọ̀gá wà dé ọ̀dọ̀ mi, ogún ìṣẹ́jú. Ogún ìṣẹ́jú tó láti gé ogún igi.
Mo gun ẹ̀rọ padà.