Funfun Inú Pépà

Ẹ̀kán ọ̀dà kan bọ́ lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì Lowri, ó já sí àárín omi funfun tó ń já láti orí àpáta nínú àwòrán rẹ̀, lókè afárá gẹ́lẹ́. Dúdú ni ọ̀dà náà, ó sì ti tàn kálẹ̀ kó tó rí àkísà fà.

Họ́wù! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló ti ń yẹra fún ojú ibẹ̀. Àwọn tó ń fi ọ̀dà olómi ya àwòrán kì í kun funfun; pépà lásán ni funfun wọn, ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ò bá dé ló ń mọ́lẹ̀. Ọ̀gá Penry tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ ò sì fẹ́ gbọ́ ti ẹfun, ìyẹn ọ̀dà funfun, rárá. Ó ní ẹni tó bá máa fi ẹfun bo àṣìṣe, kó lọ máa kun ògiri. Ọ̀sán yìí gan-an ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin máa wá kó àwòrán wọn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, fún ìpàtẹ àwòrán tó ń wáyé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Lowri ti gbójú lé e pé tòun máa wà níbẹ̀.

Ọ̀gá, tó jókòó tì í lórí òkúta létí odò, tẹjú mọ́ àwòrán náà, ó mí kanlẹ̀. Ó ní afárá yẹn dára, àní ó dára ju tòun lọ, àmọ́ omi ti kú.

"Ká a kúrò, Lowri. Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Inú bí Lowri. Ọdún tó ń bọ̀ kẹ̀? Láti kékeré ló ti ń bá bàbá rẹ̀ fá awọ àgùntàn létí odò Conwy yìí, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fá ìdọ̀tí kúrò lójú awọ láìlu ú. Pépà ọ̀gá sì nípọn dáadáa. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó dúró kí ọ̀dà gbẹ, ó mú ọ̀bẹ pélébé tí wọ́n fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù, ó dà á dùbúlẹ̀ lórí pépà, ó ń fá ọ̀dà náà wá sísàlẹ̀, bí omi ṣe ń já.

"O máa fà á ya o," ni ọ̀gá wí.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ọ̀gá. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n."

Dúdú ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Funfun tó jáde wá mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó rí hánrànhánràn bí omi tó fọ́n ká lórí òkúta.

Ọ̀gá wò ó, ó gbójú sókè wo omi gidi tó ń já níwájú wọn, ó tún wò ó. Kẹ̀kẹ́ ti ń dún bọ̀ lórí afárá. Ọ̀gá ṣí àpótí tí wọ́n máa kó lọ, ó yọ àwòrán tirẹ̀ tó ti dì síbẹ̀, ó sì rọra tẹ́ ti Lowri sí àyè rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló na ìka sí omi inú tirẹ̀. "Ibí yìí ò jẹ́ kí n sùn látàná. Báwo lo ṣe di ọ̀bẹ yẹn mú?"

Lowri sún fún un lórí òkúta. Ìgbà tó ń fi ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́ ló tó mọ̀ pé ẹ̀rù àṣìṣe máa ń ba ọ̀gá pàápàá.