Irin Tí Bẹ̀llò Fẹnu Kàn

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí inú ṣe bí Sàdíátù tó láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó lọ béèrè lọ́wọ́ apẹ̀rẹ̀ obì tó fi sílẹ̀ ní Sábó láìfi ewé bò. Obì tí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí báyẹn, ó di dandan kó gbẹ. Kò sí ẹni tó ń ṣòwò obì ní Ṣàgámù tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀, Akínyọdé, ránṣẹ́ sí i pé kó máa bọ̀ kíá ní ṣọ́ọ̀bù Fàtáì tó ń kun mọ́tò ní Ibido, kó wá fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò rẹ̀. Ó gbéra. Ó ń rìn lọ, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, àwọn tó ń kí i lójú ọ̀nà kò rí ìdáhùn gbà.

Iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò rẹ̀! Ọdún méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń bá wọn jókòó jẹun nínú ilé. Bí ọbẹ̀ bá dùn, Akínyọdé á rántí rẹ̀. Bí ọbẹ̀ ò bá dùn, á tún rántí rẹ̀.

Mọ́tò ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, Pijó 404 kan tí Akínyọdé rà lọ́wọ́ Àlàájì Bẹ̀llò, oníṣòwò obì tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí ti Sàdíátù ní Sábó. Gbogbo ọjà ló mọ mọ́tò náà nígbà tí Bẹ̀llò ń gùn ún. Àwọ̀ ewé ni. Nígbà tó fẹ́ tà á, ó kùn ún ní búlúù, ó ń dán yanranyanran. Akínyọdé kì í ṣe ọmọdé. Ó ní òun ò ní sanwó àfi bí Bẹ̀llò bá búra pé mọ́tò náà kò fara gbá rí. Mùsùlùmí ni Bẹ̀llò, onígbàgbọ́ sì ni Akínyọdé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mọ́tò ọ̀rọ̀ irin ni. Ẹni tó ń fi irin rìn, ì báà wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ì báà wọ mọ́ṣáláṣí, ó mọ ẹni tó ni irin.

Sàdíátù wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó rí i bí Bẹ̀llò ṣe ká agbádá sí èjìká, tó yí mọ́tò po, tó fi bọ́nẹ́ẹ̀tì tó wà níwájú rẹ̀ gan-an sílẹ̀, tó lọ bẹ̀rẹ̀ síbi fẹ́ńdà òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, tó wá fi ahọ́n kan ibẹ̀. Ó ní bí mọ́tò yìí bá ti fara gbá rí lọ́wọ́ òun, kí Ògún má ṣe jẹ́ kí òun rí Iléyá tó ń bọ̀. Iléyá dé, Bẹ̀llò pa àgbò ńlá. Ó tún fi itan kan ránṣẹ́ sí ilé Akínyọdé.

Yísà, àbúrò Sàdíátù, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyá wọn bí, ni wọ́n fi mọ́tò náà lé lọ́wọ́. Òun ló ń fi í kó obì lọ sí Ìbàdàn. Kò pé ọdún kan tí fẹ́ńdà òsì fi wú, ọ̀dà ibẹ̀ là, pọ́tì funfun tí wọ́n fi ń dí ihò ara mọ́tò yọjú. Akínyọdé kò wulẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní Yísà ló lọ forí sọ nǹkan níbì kan, tó fi pọ́tì dí i ní ìkọ̀kọ̀. Ìdí rẹ̀? Bẹ̀llò ti fẹnu kan irin, Bẹ̀llò sì wà láàyè, ó ń sanra sí i. Bí Bẹ̀llò kò bá purọ́, ta ló kù?

Yísà ní òun náà á fẹnu kan irin. Ìyá wọn ló fi ẹkún dá a dúró. Ó ní, "Bí o bá búra lónìí, tí kẹ̀kẹ́ kan gbá ọ lọ́dún mẹ́wàá sí i, ayé á ní Ògún ló mú ọ. Mi ò ní ọmọkùnrin méjì." Akínyọdé rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Ó ní ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ kì í sá fún irin, ó sì sọ ọ́ ní gbangba gárééjì, níbi tí àwọn onímọ́tò pọ̀ sí. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó fi mọ́tò lé Yísà lọ́wọ́ mọ́ ní Ṣàgámù. Ọmọ tó mọ ọkọ̀ wà bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀ wá di ẹni tó ń ru pákó ní sọ́mìlì ní Ìkẹnnẹ́.

Ìyẹn gan-an kò tó Akínyọdé. Nígbà tí ọ̀dà mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í bó káàkiri, Fàtáì sọ fún un pé ọ̀nà méjì ló wà: kí àwọn fi sánpépà ha ojú rẹ̀ kí wọ́n sì kùn ún lé e, ìyẹn ò wọ́n, tàbí kí wọ́n fá a kan irin, ìyẹn ọ̀ọ́dúnrún náírà. Akínyọdé ní kí wọ́n fá a kan irin. Ó ní òun fẹ́ kí gbogbo ayé rí ohun tí Yísà ṣe, àwọn ẹbí Yísà ni yóò sì san owó náà títí dórí kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn. Ìdí tó fi ránṣẹ́ pe Sàdíátù nìyẹn, kó wá rí ohun tó fẹ́ sanwó rẹ̀.

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, mọ́tò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níhòòhò tán. Bọ́nẹ́ẹ̀tì, òrùlé àti ìdí ọkọ̀ ti di irin funfun balau. Fẹ́ńdà òsì nìkan ni wọn ò tíì fọwọ́ kàn. Akínyọdé ló ní kí wọ́n fi sílẹ̀ di ìgbà tí ìyàwó òun bá dé. Ó jókòó lórí àga, ó gbẹ́sẹ̀ lésẹ̀ bí ọba.

"Ìyá Ọmọ́yẹni, ẹ káàbọ̀," ni Fàtáì wí. Ohùn rẹ̀ fi hàn pé iṣẹ́ náà kò dùn mọ́ ọn.

"Fàtáì, fá a kí ó rí i," ni Akínyọdé wí.

Fàtáì mú irin ìfá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá. Búlúù bó. Lábẹ́ búlúù, àwọ̀ ewé yọ. Fàtáì dáwọ́ dúró díẹ̀, ó wo Akínyọdé, ó tún tẹ̀ síwájú. Abẹ́ àwọ̀ ewé náà ni pọ́tì wà, ó nípọn bí ẹ̀kọ tútù. Nígbà tó gbẹ́ ẹ tán, kò bá irin kankan níbẹ̀. Ògbólógbòó àpò ìdọ̀họ ló bá, tí wọ́n ká mọ́ wáyà, tí wọ́n fi dí ihò tó tó orí ènìyàn.

Lẹ́yìn náà Sàdíátù súnmọ́ fẹ́ńdà náà, ó fi ìka kan ibi tí àwọ̀ ewé ti bo pọ́tì.

"Bàbá Ọmọ́yẹni, àwọ̀ wo ni mọ́tò yìí nígbà tí ẹ rà á?"

Akínyọdé ń wo ihò náà.

"Mo ní àwọ̀ wo ni!"

"Búlúù."

"Ta ló gùn ún nígbà tó wà ní àwọ̀ ewé? Yísà ni? Ṣé Yísà ló wá ti pọ́tì bọ abẹ́ ọ̀dà tí wọ́n ti kùn kó tó mọ mọ́tò náà?"

Akínyọdé dìde. Ojú rẹ̀ ti yí padà, ṣùgbọ́n agídí kò tíì fi í sílẹ̀. "Sàdíátù, rọra. Bẹ̀llò búra. Ojú rẹ ló ṣe. Ó fẹnu kan irin, Ògún ò sì pa á."

"Irin wo?" Ariwo tí Sàdíátù pa mú kí àwọn tó ń lu bọ́dì mọ́tò lódì kejì dáwọ́ dúró. "Irin wo ló fẹnu kàn? Ibí yìí ló fẹnu kàn! Ibí yìí! Àpò ìdọ̀họ ló lá! Ṣé Ògún ló ni àpò ìdọ̀họ?"

Ìgbà náà ni gbogbo rẹ̀ yé e, bó ṣe ń ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Ìdí tí ọkùnrin náà fi yí mọ́tò po nìyẹn. Òun rò pé ó ń sá fún eruku orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni. Ó ń wá ibi tí irin ò sí ni. Sàdíátù rántí itan àgbò tí wọ́n sè jẹ nínú ilé rẹ̀, pé òun gan-an ló ta epo sí i, ó sì tutọ́ sílẹ̀.

Kò dúró gba ìyànjú. Ó padà sí Sábó, ó bá Bẹ̀llò nínú ìsọ̀ rẹ̀, ó rọ ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bí òwú. Ó ní, "Àlàájì, baálé mi ní kí ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá rí nǹkan kan lára mọ́tò." Bẹ̀llò tẹ̀lé e tẹ̀ríntẹ̀rín. Nígbà tó rí mọ́tò náà níhòòhò, ẹ̀rín kú sí i lẹ́nu.

Sàdíátù fi ọwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dún gbàmù.

"Àlàájì, níjọ́sí, ẹ ṣìbi lá. Irin gidi rè é, a ti bá yín fá a mọ́. Ẹ wá tún un lá."

"Ìyàwó, kí ló fa irú ọ̀rọ̀ báyìí láàárọ̀?"

"Ẹ lá a."

"Mo ti búra lẹ́ẹ̀kan. A kì í búra lẹ́ẹ̀mejì lórí ohun kan." Ó ń fẹ̀yìn rìn. Ó ní òun fi ènìyàn sílẹ̀ nínú ìsọ̀. Ó ní òun ò tíì jẹun, pé ẹnu òfìfo kì í kan irin. Irọ́ yẹn burú débi pé Fàtáì pàápàá pòṣé. Bẹ̀llò yíjú padà, agbádá rẹ̀ ń gbá eruku lẹ́yìn, ó sì lọ.

Akínyọdé yọ fìlà. "Fàtáì, ṣe é kíá. Dí i dáadáa, kùn ún kó dán. Èmi ni yóò sanwó gbogbo rẹ̀. Tó bá ti parí, màá gbé e lọ bá Yísà, màá ra ẹbùn dání."

"Rárá o," ni Sàdíátù wí. "Nísinsìnyí la ń lọ. Báyìí ló máa lọ."

"Níhòòhò? Láàárín ìlú?"

"Níhòòhò lẹ bọ́ ọmọ ìyá mi sí láàárín gárééjì. Ẹ wọ mọ́tò."

Fàtáì wo ojú ọ̀run. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Bí òjò bá kan irin yìí, á dípẹtà. Gbogbo iṣẹ́ tí a ṣe di òfo nìyẹn, ọ̀ọ́dúnrún mìíràn."

"Kó dípẹtà."

Wọ́n gba inú gárééjì kọjá. Àwọn onímọ́tò ń na ìka sí wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ihò fẹ́ńdà. Sàdíátù jókòó níwájú, ó gbé ojú sókè, ó ń dá wọn lóhùn lójú fèrèsé: "Ẹ wò ó dáadáa! Mọ́tò tí wọ́n ní Yísà bàjẹ́ nìyí! Ẹ lọ bi Bẹ̀llò léèrè!" Akínyọdé tẹjú mọ́ ọ̀nà. Òógùn bò ó.

Ní sọ́mìlì ní Ìkẹnnẹ́, Yísà ń bọ̀ pẹ̀lú pákó lórí. Ó rù gan-an, èjìká rẹ̀ kan ti bó. Ó rí mọ́tò, ó rí ihò náà, ó rí àwọ̀ ewé tó ṣẹ́ kù létí rẹ̀. Kò béèrè nǹkan kan. Ó sọ pákó kalẹ̀, ó rìn wá síbi bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ahọ́n kan irin náà kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe.

"Bí mo bá fi mọ́tò yìí gbá nǹkan rí, kí Ògún pa mí lónìí."

Sàdíátù figbe ta. "Yísà! Ta ló ní kí o búra? A ti mọ̀! A ti rí i!"

"Ẹ̀yin ti mọ̀," ni Yísà wí. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Ọdún méjì ni mo ti ń wá irin yìí. Màámi kú kí n tó rí i." Ó gbé pákó rẹ̀ padà sórí, ó yí ẹ̀yìn sí wọn, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ó ń dún lórí irin tó wà níhòòhò. Akínyọdé wo mọ́tò, ó wo abẹ́ páànù tí àyè wà tó lè wà á sí, ó tún wo ẹ̀yìn Yísà. Ó fi mọ́tò sílẹ̀. Ó sá gba iwájú ọmọ náà, ó sì nà gbalaja sínú lẹ́búlẹ́bú pákó tó ti ń di ẹrẹ̀, àgbàlagbà bíi rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀ bí ọjọ́ tó wá tọrọ ìyàwó.

"Yísà, mo ṣẹ̀ ọ́."

Yísà dúró, pákó lórí, òjò ń pa á. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Akínyọdé náà gbé orí sókè nínú ẹrẹ̀, ó ń wo ìyàwó rẹ̀, kó bá òun bẹ̀ ẹ́.

Sàdíátù ká ọwọ́ sí àyà. Kò ní kó dìde.