Ìwàásù Tó Jó Ṣòkòtò Honoré

Bí a bá ní kí Ayọ̀dé télọ̀ ka iye ìgbà tó ti pe ara rẹ̀ ní àgùntàn ìrúbọ, ilẹ̀ á ṣú kó tó kà á dé ìdajì. Bí orí bá fọ́ ọ díẹ̀, á ní, "Èmi ni àgùntàn ilé yìí, èmi ni gbogbo yín ń pa jẹ." Bí ẹran bá tán nínú ìkòkò kó tó kàn án, á mí kanlẹ̀, á ní kò burú, ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ jìyà kí àwọn yòókù lè gbádùn. Fọlákẹ́ ìyàwó rẹ̀ kì í bá a jiyàn. Obìnrin náà á kàn wo ikùn ọkọ rẹ̀ tó máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé, á ní, "Bàbá Wúrà, àgùntàn tó sanra tó báyìí, ó ṣe jẹ́ pé wọn ò tíì rí i pa?"

Ayọ̀dé gan-an mọ̀ pé òun kì í ṣe àgùntàn kankan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀, ohun tó bá sì ti dùn lẹ́nu Ayọ̀dé, kò sí ẹni tó lè gbà á níbẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi dé Libreville kí Gabon tó gba òmìnira, ó sì ya ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Glass, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń mú kí abẹ́rẹ́ dípẹtà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Òmìnira ló là á. Gbogbo akọ̀wé tó ti ń gbé fáìlì tẹ̀lé òyìnbó lẹ́yìn ló di ọ̀gá lójijì, ọ̀gá kan ò sì lè jókòó sí ọ́fíìsì láìwọ kóòtù. Nínú àdúrà òwúrọ̀ Ayọ̀dé, lẹ́yìn ẹbí àti ìlera, òmìnira ló kàn.

Àwọn Yorùbá díẹ̀ tó jẹ́ onígbàgbọ́ nílùú náà máa ń pàdé nínú ilé onípákó kan ní Charbonnages. Wọn ò ní pásítọ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń gba ìwàásù ṣe lọ́wọ́ ara wọn. Lọ́dún 1965, ìwàásù Ọjọ́ Ẹtì Rere bọ́ sọ́wọ́ Ayọ̀dé: bí Jésù ṣe jẹ́ Ọ̀dọ́ Àgùntàn Ọlọ́run, tí wọ́n mú un lọ síbi pípa tí kò sọ̀rọ̀, tó gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ kí ẹlẹ́bi lè lọ ní òmìnira. Inú Ayọ̀dé dùn débi pé kò rí oorun sùn. Bí a bá máa sọ̀rọ̀ àgùntàn ìrúbọ nílùú Libreville, tí kì í bá ṣe òun, ta ni?

Lọ́dún yẹn, Iléyá bọ́ sínú ọ̀sẹ̀ kan náà. Súbérù, ọmọ Ìséyìn tó ń bá Ayọ̀dé ránṣọ lórí ẹ̀rọ kejì, pa àgbò lọ́jọ́ Ìsinmi tí àwọn Ayọ̀dé ń fi imọ̀ ọ̀pẹ kọrin. Àgbò kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rí he níbẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá, ẹni tó bá sì rí ọ̀kan rà ti tu owó jọ kí ọdún tó dé. Lọ́jọ́ Ajé, Súbérù gbé odindi itan kan wá fún ọ̀gá rẹ̀. Ayọ̀dé na ọwọ́ dá a dúró bí ẹni tó ti wà níwájú ìjọ.

"Súbérù, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àgùntàn kan ṣoṣo ni mo ní, wọ́n sì ti pa á tipẹ́. Mi ò nílò òmíràn."

"Kò burú, ọ̀gá," ni Súbérù wí. Ó tún ẹran náà wé. "Sìkírátù ìyàwó mi á yan án. Kò ní bàjẹ́."

Fọlákẹ́, tí ẹja ti sú láti ìgbà tí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀, ò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ yẹn ni Ayọ̀dé sọ ṣọ́ọ̀bù di ilé ìsìn. Bó bá ń gé aṣọ, ìwàásù ni. Bó bá ń lẹ bọ́tìnì, ìwàásù ni. "Wọ́n na ìka sí i, ṣé ó jiyàn? Ẹ̀bi yẹn, ṣé tirẹ̀ ni? Síbẹ̀, ó ní, èmi ni kí ẹ mú!" Súbérù nìkan ni gbogbo ìjọ tó wà níbẹ̀. Ó ń gbọ́, kò wí nǹkan kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ lórí ẹ̀rọ. Nígbà mìíràn, Ayọ̀dé á dúró, á bi í pé ṣé ohùn òun lọ sókè tó. Súbérù á ní, "Ó lọ sókè, ọ̀gá. Wọ́n ń gbọ́ ọ lọ́dọ̀ Gaston." Gaston ni télọ̀ ará Dàhòmì tó wà ní òdìkejì títì.

Àfi bó ṣe di Ọjọ́rú. Aṣọ Honoré ló wà lórí tábìlì. Honoré yìí, ọ̀gá kan ni ní iléeṣẹ́ ìjọba. Ọmọbìnrin rẹ̀ fẹ́ ṣègbéyàwó lọ́jọ́ kejì Àjíǹde, aṣọ tí àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Paris ló sì gbé wá. Ó ti ṣèlérí pé bí kóòtù àti ṣòkòtò náà bá dára, Ayọ̀dé ni òun máa gbé aṣọ gbogbo àwọn ìránṣẹ́ iléeṣẹ́ wọn fún. Nítorí náà, Ayọ̀dé ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Áyọ́ọ̀nù eléèédú yẹn gan-an, láti ọjọ́ tó ti rà á, òun nìkan ló ń dì í mú, nítorí ó gbà pé ẹlòmíràn á fi jó aṣọ.

Ó fi áyọ́ọ̀nù lé ìdí ṣòkòtò. Ìwàásù gbé e. Ó ju ọwọ́ méjèèjì sókè, ó di ojú. "Ẹ̀yin ará, ta ló lè ṣe é? Ta ló lè dúró níbẹ̀ kó ní òun ni?"

"Ọ̀gá," ni Súbérù wí, "ó ń jóná o."

Ayọ̀dé rò pé ìwàásù náà ló wọ ọmọ ìmàle yìí lára. "Ó ń jóná ni!" ló fi dá a lóhùn, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. Ìgbà tí èéfín wọ ihò imú rẹ̀ ló tó lajú. Ihò ti lu ìdí ṣòkòtò, ó ṣe ṣóńṣó ní orí, ó fẹ̀ ní ìdí, kò sí ẹni tó máa rí i tí kò ní mọ̀ pé áyọ́ọ̀nù ni. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ayọ̀dé yẹ ṣòkòtò náà wò níwájú lẹ́yìn, kò rí ẹwà kankan níbẹ̀.

Kó tó ronú ohun tó máa ṣe, Honoré ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó wá wọ aṣọ rẹ̀ wò.

"Qui a fait ça?" Ta ló ṣe èyí? Honoré gbé ṣòkòtò náà sókè, ojú rẹ̀ ń yọ nínú ihò náà.

Ayọ̀dé la ẹnu. Lójú ẹsẹ̀ náà, ó rí gbogbo aṣọ àwọn ìránṣẹ́ yẹn bí wọ́n ṣe ń rìn lọ sí òdìkejì títì. Ó pa ẹnu náà dé. Òun tó ti ń pariwo láti ọjọ́ Ajé, kò rí ìró kan ṣoṣo sọ jáde.

Ẹ̀rọ kejì dúró. Súbérù dìde. "C'est moi, Monsieur," ló wí. Èmi ni.

Honoré bú u títí. Ó yíjú sí Ayọ̀dé, ó ní bí òun bá tún bá ọkùnrin yìí nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, Gaston ló máa rán aṣọ àwọn ìránṣẹ́. Ó dúró, ó ń retí. Ayọ̀dé wo ilẹ̀.

"Súbérù," ló wí, "máa lọ sílé."

Súbérù kó sísọ́ọ̀sì rẹ̀, ó dé fìlà rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró díẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn bí ẹni tó ń retí kí wọ́n pe òun padà. Ayọ̀dé ń wá abẹ́rẹ́ tí kò sọnù. Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Eérú tí Ayọ̀dé dà, Súbérù ló tọ̀ lọ.

Lálẹ́, Fọlákẹ́ bi í léèrè ibi tí Súbérù wà. Ó ní ó lọ sinmi díẹ̀. Fọlákẹ́ wo ṣòkòtò tó wà lórí àga, ó wo ọkọ rẹ̀. "Ta ló wà nídìí áyọ́ọ̀nù?"

"Ìyá Wúrà, ẹrù tí mò ń gbé láyé yìí pọ̀."

"Ó pọ̀ lóòótọ́," ni Fọlákẹ́ wí, "Súbérù ló bá ọ gbé e lọ." Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn yàrá.

Ojú ti Ayọ̀dé. Ẹ má jẹ́ kí n bò ó: ojú tì í débi pé kò lè jẹun, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó ń tan ara rẹ̀ pé bí Honoré bá gbàgbé tán, òun á ránṣẹ́ pe Súbérù. Ó ń sọ pé nítorí ọmọ òun ni, nítorí ìyàwó òun ni. Kódà, ó gbìyànjú láti sọ pé òun gan-an lòun ń jìyà jù. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn lẹ́nu mọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ilé onípákó kún dẹ́nu. Wọ́n kọrin tán, Ayọ̀dé dìde síwájú ìjọ. Ó la ẹnu láti sọ pé Ọ̀dọ́ Àgùntàn Ọlọ́run dákẹ́ níwájú àwọn tó fẹ̀sùn kàn án. Ẹnu náà là, ọ̀rọ̀ kò jáde. Kí ló fẹ́ sọ nípa ìdákẹ́jẹ́, òun tó ti fi ìdákẹ́jẹ́ tirẹ̀ lé ọmọlọ́mọ dànù? Ó dúró bẹ́ẹ̀, òógùn ń ṣàn.

Àwọn ará rò pé ó ń ṣe àfihàn ni. Ẹnì kan kérora níwájú. "Ẹ wò ó, bí àgùntàn náà ṣe dákẹ́ jẹ́ẹ́ nìyẹn!" Ìyá Ọmọlará, àgbà obìnrin tó dá ìjọ náà sílẹ̀, bú sẹ́kún. Kò pẹ́, gbogbo ilé ń sunkún. Irú ìwàásù báyìí, wọn ò gbọ́ ọ rí ní Libreville.

Ayọ̀dé rí i pé bí òun bá jókòó báyìí, ìyìn náà ò ní tán títí Àjíǹde ọdún tó ń bọ̀. Mo fẹ́ sọ fún yín pé kò rò ó. Ó rò ó. Eékún rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀ láti jókòó. Ìgbà náà ló rí Fọlákẹ́ láàárín èrò: òun nìkan ni kò sunkún, ó ń wò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sunkún mọ́," ni Ayọ̀dé wí. "Kì í ṣe Ẹ̀mí. Ṣòkòtò ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀: áyọ́ọ̀nù, ihò, Honoré, Súbérù. Nígbà tó dé ibi tó ti ju ọwọ́ sókè, ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ìwé orin bo ẹnu. Ẹ̀rín náà ràn. Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Ẹtì Rere, kí Ọlọ́run dárí jì wọ́n. Ìyá Ọmọlará nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó nu ojú rẹ̀.

"Súbérù yẹn, níbo ló wà báyìí?"

"Ilé ni, Mà."

"Kí lo wá ń ṣe níbí?"

Ayọ̀dé jáde. Fọlákẹ́ tẹ̀ lé e. Ilé Honoré ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ayọ̀dé dúró nínú ọgbà rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Faransé tó lè sọ: èmi ni mo jó o, kì í ṣe ọkùnrin yẹn. Honoré gbọ́ ọ parí, ó wò ó títí.

"Ṣòkòtò máa ń jóná," ló wí. "Ṣùgbọ́n mo lé ọmọ iṣẹ́ rẹ lójú rẹ, o sì ń wo ilẹ̀. Gaston ló máa rán aṣọ wa." Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ayọ̀dé mọ̀ pé kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó dùn ún wọra, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kúrò níbẹ̀.

Súbérù wà níwájú ilé rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lẹ aṣọ aládùúgbò. Kó tó dìde, Ayọ̀dé ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun ti ikùn. Súbérù fò sókè. "Áà, ọ̀gá! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹ dìde!"

"Mo ti sọ fún Honoré. Padà síbi iṣẹ́ rẹ, jọ̀ọ́." Ayọ̀dé ò tíì dìde. "Súbérù, kí ló dé tí o fi ní ìwọ ni? O mọ̀ pé èmi ni."

Súbérù fi ọwọ́ ra fìlà rẹ̀. Ó jọ pé òun gan-an lojú ń tì.

"Ọ̀gá, láti ọjọ́ Ajé lẹ ti ń sọ ọ́ sí mi létí. Ẹ ní, ta ló lè dúró kó ní òun ni. Nígbà tí ọkùnrin yẹn bèèrè, mo rí i pé ẹ̀rù ń bà yín. Mo ní kí n kọ́kọ́ bá yín bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Mo rò pé bí mo bá ti sọ pé èmi ni, ẹ máa gbà á lọ́wọ́ mi." Ó wo abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀. "Mo dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà."

Ayọ̀dé rọra dìde. Ó rántí bí Súbérù ṣe bojú wẹ̀yìn lẹ́nu ọ̀nà.

"Màá padà wá," ni Súbérù wí. "Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń wàásù, ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín di áyọ́ọ̀nù mú."

Sìkírátù gbé àwo jáde, ó kúnlẹ̀ kí wọn. Itan àgbò náà ni, yíyan, ó ti dúdú, ó ti gbẹ. Súbérù ní, "Èyí tí ẹ ní ẹ ò nílò ni. Mo sọ pé kò ní bàjẹ́."

Ọjọ́ Ẹtì Rere ni, ẹran ò sì kan ẹnu Ayọ̀dé láti ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Súbérù gé ẹran náà, ó gbé èyí tó tóbi jù síwájú ọ̀gá rẹ̀. Ayọ̀dé mú un, ó fi sẹ́nu, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Àgùntàn ilé wa," ni Fọlákẹ́ wí, ó na ọwọ́ sí àwo. "Ṣé o ò ní wàásù ni?"

Ayọ̀dé mi orí. Ó ń jẹun lọ.