Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Tó Kù Lẹ́nu Bàbá

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu káfíńtà àgbà náà, apá ọ̀tún rẹ̀ rọ, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù: "Dùn." Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú ilé ọkọ rẹ̀, ló gbé e sọ́dọ̀. Bó bá ti fi ṣíbí sí i lẹ́nu, bàbá á ní, "Dùn." Inú ọmọ á yọ́, á tún bu òmíràn. Àwọn oníbàárà tó bá wá wọ aṣọ wò a sì máa fi bàbá ṣeré: "Bàbá Ó-Dùn, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún wa o!"

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ìrẹsì àti ẹja ló ń fún un. Bàbá gbé oúnjẹ mì, ó ní, "Dùn."

"Ẹ ṣeun, Bàbá."

"Dùn! Dùn!"

Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ń fọ ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, bú sẹ́rìn-ín. "Bù sí i fún wọn jàre. Ẹnu ti bá ohun tó wù ú pàdé."

Ó bù ú. Bàbá fi ọwọ́ òsì gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fún un bí ẹni ń fún aṣọ tútù. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. "Dùn," ó wí, ohùn rẹ̀ ò ju èémí lọ.

Ìgbà náà ló yé ọmọ. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń yin ọbẹ̀ náà la fi ń ké ìrora. Ta ni kì í sọ pé ẹ̀yìn ń dun òun?

"Eegun ẹja!" ó kígbe. "Ó há wọn lọ́fun! Ṣáná sí ọkọ̀!"

Lójú ọ̀nà, ó gbé orí bàbá lé àyà. Ètè bàbá ń mì, ohùn ò jáde mọ́. "Ẹ má fi mí sílẹ̀, Bàbá. Ẹ dákun." Ọkọ rẹ̀ ń tẹ fèrè, kò lè yíjú wẹ̀yìn.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà yọ eegun náà. Lẹ́yìn náà ló tún fi iná yẹ ẹnu bàbá wò, ó sì yà á lẹ́nu. "Ṣé wọn kì í ráhùn ni? Eyín yìí ti jẹrà tipẹ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń jẹun ni á máa dùn wọ́n."

Ọmọ tẹjú mọ́ ẹnu bàbá. Gbogbo oúnjẹ tó ti fún un, èwo ni ìyìn, èwo ni ẹ̀bẹ̀? Ó sì ń rẹ́rìn-ín sí i!

Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ àwọn aláìsàn bí wọn yóò ṣe tún sọ̀rọ̀. Ọmọ bi í pé, "Níbo ni ọ̀rọ̀ yìí tilẹ̀ ti ṣẹ̀? Ta ló so oyin àti egbò mọ́ ẹnu kan náà?"

"Àríyànjiyàn ni," Nọ́ọ̀sì dáhùn. "Àwọn kan ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ìró ló kàn jọra. Ìyá mi ní ọ̀kan ni: ohun tó bá ti wọni lára débi tí a ò lè dákẹ́, ó ti dùn náà nìyẹn. Èmi ò mọ èyí tó jóòótọ́. Àmọ́ oúnjẹ lè dùn kó dá dúró. Ìrora ló ń wá ẹni tí yóò bà lé: ó dùn mí. 'Mí' yẹn ló sọ nù lọ́wọ́ Bàbá. Ẹ bá a wá a."

Wọ́n yọ eyín, wọ́n padà sílé. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ti bá wọn wọlé. Ọmọ ń fọwọ́ ṣa eegun kúrò lára ẹja títí kò fi jọ ẹja mọ́. Bí bàbá bá ní "Dùn," á fi ṣíbí sílẹ̀, á máa wo ojú rẹ̀ bí ẹni ń wo òjò tó ṣú.

"Bàbá, ẹ pè é: mí."

Bàbá á pa ètè pọ̀. Ìró ò ní tẹ̀lé e.

Ó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ fa àpótí ìjókòó rẹ̀ súnmọ́ ọn, ó bu ìrẹsì rírọ̀ fún un.

"Dùn," bàbá wí. Ètè rẹ̀ pàdé, ó gbọ̀n. "Mí."

Abọ́ já bọ́. "Ọkọ mi o! Ó tún ti dé o!" Ó la ẹnu bàbá, kò rí nǹkan. Ó fọwọ́ kan ọ̀fun, ó fọwọ́ kan àyà. Bàbá ń mi orí, ó ń fi àgbọ̀n júwe ilẹ̀. Ó wolẹ̀: ẹsẹ̀ àpótí tí òun fúnra rẹ̀ jókòó lé ló tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ bàbá mọ́lẹ̀.

Ó fò dìde. "Yéè! Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá mi!" Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń ṣàn. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá wo oúnjẹ tó dà sílẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, ó ya ẹnu, ó ń retí. Ọmọ wọ ilé ìdáná lọ se òmíràn. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì wà ní yàrá, lọ́dọ̀ bàbá.