Orúkọ Ẹ̀yìn Káráfáànì

Kò sí ìyàwó kejì tí kì í bá nǹkan ìyàwó àkọ́kọ́ nílé. Àwọn kan á bá ìkòkò, àwọn kan á bá aṣọ. Orúkọ ni Raelene bá. Ó wà lẹ́yìn káráfáànì, ilé ẹlẹ́sẹ̀ táyà tí ọkọ rẹ̀ so mọ́ ọkọ̀ tó fi ń wọ́ ọ kiri ilẹ̀ Ọsirélíà. Lẹ́tà búlúù gbàgàdà-gbàgàdà ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò nílò awò ojú kó tó rí i kà: NEV ÀTI GLENYS. RÉDÍÒ 18.

Nev ni ọkọ. Glenys ni ìyàwó tó ti kú. Raelene tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nev níwájú ọkọ̀, tó ń po tíì fún un, tó ń gé búrẹ́dì sí i lẹ́nu bó ṣe ń wa ọkọ̀ lọ, orúkọ tirẹ̀ ò sí níbì kankan.

Bí gbogbo àwọn tó fẹ̀yìn tì tí wọ́n ń fi káráfáànì rìn káàkiri ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Wọ́n á kọ orúkọ tọkọtaya sẹ́yìn, wọ́n á kọ nọ́ńbà rédíò sí i, kí ẹni tó bá rí i pé táyà yín fẹ́ tú lè pè yín. Ohun tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ọdún kan àbọ̀ ni Nev ti fẹ́ Raelene, orúkọ olóògbé ò sì kúrò níbẹ̀.

Kì í ṣe pé Raelene jẹ́ òjòwú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ran oníṣègùn eyín lọ́wọ́ ní Ballarat, ó ti rí inú ẹnu èèyàn débi pé kò ku ohun tó lè dẹ́rù bà á. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni, ó mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú, kò lè retí ilé òfìfo. Ìgbà tí wọ́n pàdé, ó bi Nev léèrè ohun tó pa Glenys. Nev ní, "Ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró, lójú ọ̀nà." Raelene ò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́ ná, ọkàn ta ni kì í dáwọ́ dúró bó bá kú?

Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́, pé kí orúkọ òun wà lára ilé tí òun ń gbé.

"Nev, ìgbà wo lo máa yọ nǹkan yẹn?"

"Tá a bá dé Port Augusta. Wọ́n ń ta lẹ́tà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ níbẹ̀."

Wọ́n dé Port Augusta, ó ní ó di Ceduna. Wọ́n dé Ceduna, ó ní lẹ́tà náà ti lẹ̀ jù, pé ọ̀dà ọkọ̀ á bá a ṣí.

"Ṣé ọ̀dà lò ń bẹ̀rù ni, àbí èèyàn?"

Nev rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó lọ yẹ táyà wò. Bí ọ̀rọ̀ bá ti le, ọ̀dọ̀ táyà ni Nev ń sá lọ.

Ní ibùdó tí wọ́n bá dé, tó bá ti di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, gbogbo àwọn onírìnàjò á gbé àga síta, wọ́n á fi ṣe agbo, oníkálukú á gbé bíà rẹ̀ dání. Ẹni tó bá ti ka ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn á ti máa pariwo: "Glenys! Gbé àga ẹ wá, bíà ń gbóná!"

"Raelene ni mo ń jẹ́."

"Ọkọ̀ yín wá ń parọ́ nìyẹn?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Lórí rédíò ńkọ́? Ó ń tún un ṣe fún wọn títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan pè wọ́n pé, "Nev àti Glenys, ẹ wo ẹnu ẹ̀rọ omi yín o, ó ń jò." Raelene kàn tẹ rédíò, ó ní, "Glenys nìyí, ẹ ṣé o." Kí ni ì bá tún máa ṣàlàyé fún ẹni tí kò ní rí mọ́ láé? Nev kàn na ọwọ́ òsì, ó gbé e lé orókún Raelene, ó sì fi í síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kò gbọ́wọ́ lé e bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé.

Àtọjọ́ náà ni Raelene ti ń jẹ́ Glenys lórí rédíò. Ó mọ̀ pé kò dáa. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ, ìyẹn sì ń bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn dùn mọ́ ọn.

Nǹkan kejì tún wà. Bí wọ́n bá fẹ́ kúrò níbì kan, Nev ní àṣà kan tí kì í jẹ́ kó fò. Ó ti fún Raelene ní rédíò kékeré kan tó ń há mọ́ ìgbànú. Á ṣí ilẹ̀kùn káráfáànì, á yẹ orí bẹ́ẹ̀dì wò, á tì í, á wọ ọkọ̀, á tan ẹ́ńjìnnì, á wá gbé rédíò sẹ́nu.

"Ṣé o ti wọlé?"

Raelene á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, ejìká kan ejìká.

"Nev, ọkọ̀ ni mo wọ̀. Ilé wà lẹ́yìn. Ojú ẹ sì nìyí tó ń wò mí."

"Sọ ọ́ sínú rédíò."

Bó bá mi orí, Nev ò ní gbéra. Ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́, kó sọ pé, "Mo ti wọlé," kí ohùn rẹ̀ jáde nínú rédíò ọkọ̀, kí Nev tó fi ọkọ̀ sí jíà. Raelene gbà pé iṣẹ́ rélùwéè tí Nev ṣe kó tó fẹ̀yìn tì ló kó bá a. Ọdún méjìdínlógójì tèèyàn fi ń dúró de pé kí wọ́n ju àsíá kí rélùwéè tó lọ, kò lè ṣàìmú onítọ̀hún ní orí.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n kúrò ní Ceduna ni wọ́n wà láàárín aṣálẹ̀ Nullarbor. Ọ̀nà náà tọ́ gbọnrangandan, kò sí igi, kò sí òkè. Oòrùn wà lókè ọ̀run gan-an. Káráfáànì kan ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, obìnrin kan sì pè lórí rédíò.

"Nev àti Glenys, àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà yín ò ká o, ó ń wọ́ nílẹ̀."

"Glenys nìyí. Ẹ ṣeun gan-an, àá dúró níwájú."

Ohùn mìíràn wá wọlé, ohùn ọkùnrin àgbà, ó sì hàn pé ó sún mọ́ tòsí.

"Ta ló ń sọ pé òun ni Glenys?"

Raelene wo Nev. Nev ò wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ọwọ́ ọkọ̀, gbogbo eegun ẹ̀yìn ọwọ́ ti yọ.

"Mo ní ta ni?" Ọkùnrin náà ti ń bínú. "Mo gbọ́ Nev àti Glenys. Athol ni mo ń jẹ́, èmi ni mò ń gbé omi fún àwọn tó ń tún ọ̀nà yìí ṣe. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé Glenys nílẹ̀, lápá ìwọ̀-oòrùn Pannikin. Ẹ má fi orúkọ obìnrin yẹn ṣeré lójú ọ̀nà yìí. Ẹni tó bá ń ṣe é, kó jáwọ́."

Ẹyin lohùn. Raelene tẹ rédíò. Nev gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Athol. Nev ni. Ìyàwó mi lò ń gbọ́ yẹn."

"Èwo, Nev?" ni Athol béèrè. Kò bínú mọ́.

Nev gbé rédíò kọ́ síbi tó ń wà.

"Sọ fún mi," ni Raelene wí. "Nísinsìnyí. Má wá táyà kankan yẹ̀ wò."

Nev wá sọ ọ́, ojú rẹ̀ lórí ọ̀nà. Orí ló ń fọ́ Glenys lọ́jọ́ náà. Ó ní òun á lọ dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì nínú káráfáànì, Nev ní òfin ò gbà á kéèyàn wà níbẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń lọ. Wọ́n jà. Glenys lọ dùbúlẹ̀, ó sì pa ilẹ̀kùn dé gbàmù. Nígbà tí wọ́n dé ibi ìsinmi Pannikin, Nev dúró, ó yẹ táyà wò, ó wọ ọkọ̀ padà, ó sì lọ. Kò mọ̀ pé Glenys ti jáde lọ tọ̀ lẹ́yìn igbó.

"Mo bi í lórí rédíò pé ṣé o ti wọlé. Kò dáhùn. Mo rò pé ó ṣì ń bínú ni. Ogóje kìlómítà, Raelene. Mò ń bá a sọ̀rọ̀ lọ. Mo ń bẹ̀ ẹ́. Mo tiẹ̀ pa àwàdà fún un. Rédíò kékeré náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí mo padà, kò sí ní Pannikin. Ó ti fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé mi. Ìwọ̀n ooru ọjọ́ náà jẹ́ mẹ́rìnlélógójì. Kìlómítà mọ́kànlá ló rìn."

Àánú rẹ̀ ṣe Raelene dé egungun. Inú sì bí i, inú náà bí i gan-an, nǹkan méjèèjì jọ wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"O gbọ́ tí mo ń dáhùn pé èmi ni Glenys, o dákẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló dé?"

"Tí o bá dáhùn, ó dà bí ẹni pé ó dáhùn."

Ó wá yé Raelene pé òun kọ́ ni Nev ń bi ní ìbéèrè ojoojúmọ́ yẹn. Ẹni tó wà lẹ́yìn, nínú ilé, ló ń bi. Ẹnu òun ló ń yá lò.

Nígbà tí pátákó Pannikin yọ, Raelene ní, "Dúró níbí."

"Mi ò kì í dúró níbí. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò dúró níbí rí."

"Nev. Dúró."

Ó dúró. Tábìlì kan, garawa ìdọ̀tí kan, tàǹkì omi kan tó ti dípẹtà, kò sí nǹkan mìíràn. Raelene wọ inú káráfáànì, ó gbé kẹ́tùrù kaná, ó mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń pa bọ́tà. Nígbà tí omi hó, ó gbé e lọ sẹ́yìn, ó ká àtẹ̀gùn sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí da omi sí orúkọ náà lára. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ wẹ́wẹ́. Kò ha ọ̀dà rárá. Ó yọ G. Ó yọ L. Ó ti yọ E dé ìdajì nígbà tó gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì bú.

Rédíò ìgbànú rẹ̀ ké.

"Ṣé o ti wọlé?"

Nev kò lè rí i níbi tó wà. Kò sí dígí tó ń ríran dé ẹ̀yìn káráfáànì. Raelene dúró, ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ó fẹ́ mọ orúkọ tí ọkùnrin yìí máa pè bí òun ò bá dáhùn. Ó fẹ́ mọ̀ ọ́n ju bó ṣe fẹ́ mu omi lọ.

"Ṣé o ti wọlé?"

Afẹ́fẹ́ gbígbóná ń fẹ́ eruku. Lẹ́yìn igbó kúkúrú náà, ibi tí obìnrin kan ti lè lóṣòó kí ẹnikẹ́ni má rí i, ewé ń mì. Raelene kọ ojú sí ìhà kejì.

"Glenys." Ohùn Nev ti yí padà, ó kéré, ó rọ̀, ohùn ọkọ tó ń bẹ̀bẹ̀. "Glenys, jọ̀ọ́. Ṣé o ti wọlé?"

Ó dùn ún. Kí n má parọ́, ó dùn ún bí ẹni pé wọ́n fa eyín rẹ̀ láìgún un lábẹ́rẹ́. Ó fẹ́ sọ pé, Raelene ni mí, òkú ò sí nínú ọkọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ obìnrin àkọ́kọ́ yẹn ló wá sí i lọ́kàn, ẹni tó yọ lẹ́yìn igbó, tó rí eruku ọkọ̀ tó ń lọ, tí kò sì ní rédíò lọ́wọ́. Ó tẹ rédíò.

"Rárá. Mi ò tíì wọlé. Má lọ, Nev. Dúró dè mí."

Ẹ́ńjìnnì kú lójijì. Ibẹ̀ dákẹ́ débi pé Raelene ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán láti ara lẹ́tà tó kù.

Ó gbé kẹ́tùrù sílẹ̀. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó rò pé òun ti ṣe oore, pé ọ̀rọ̀ náà ti parí, pé wọ́n á lọ wàyí, àwọn méjèèjì péré. Ó yí ẹ̀gbẹ́ káráfáànì, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó gòkè, ó ti ilẹ̀kùn, ó de bẹ́líìtì.

"Ó ti tó, olólùfẹ́ mi. Jẹ́ ká máa lọ."

Nev ò fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì wà nínú dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó ń wo ọ̀nà igbó kúkúrú yẹn. Ó na ọwọ́ òsì, ó gbé e lé orókún ìyàwó rẹ̀.

"Ṣe sùúrù díẹ̀, Raelene," ló wí. "Kò tíì wọlé."